Ohun Tí Ó Ń Mú Àròkọ Òṣèlú Borí: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Ìkẹ́nnẹ́ Fún Àǹfààní Ìdíje Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáàrà

Nínú gbogbo àròkọ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ, kò sí èyí tí olùkọ́ ń bẹ̀rù tó àròkọ tí ó dá lórí òṣèlú. Bí a bá ní kí ọmọ ṣàpèjúwe ọjà ìlú rẹ̀, tàbí kí ó sọ ìtàn ìrìn-àjò kan, ọkàn olùkọ́ a balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdíje bá dé, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ èrò wọn nípa ìjọba, nípa ìbò tàbí nípa owó ìlú, ìmọ̀ràn tí olùkọ́ ń fún wọn kì í sábà ju méjì lọ. Èkíní ni pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ohun tí ó lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Èkejì ni pé kí wọ́n fi òwe púpọ̀ sí i. Ìmọ̀ràn méjèèjì yìí ni ó ń bí àròkọ tí gbogbo adájọ́ ìdíje mọ̀ dunjú: ó fi òwe bẹ̀rẹ̀, ó bú gbogbo olóṣèlú lápapọ̀ láìsọ ohun tí wọ́n ṣe, ó sì fi àdúrà fún Nàìjíríà parí. Irú àròkọ bẹ́ẹ̀ lè gba máàkì, ṣùgbọ́n kò lè yí èrò ẹnikẹ́ni padà.

Kò yẹ kí a wá oògùn àìsàn yìí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Láti ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni méjì nínú àwọn òǹkọ̀wé òṣèlú tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Nàìjíríà ní ọ̀rúndún ogún ti jáde: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909, àti Táí Ṣólàárín, tí wọ́n bí ní 1922. Àwọn méjèèjì kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì fi ìwé ìròyìn ṣe ohun ìjà. Ìjọba sì ti àwọn méjèèjì mọ́lé rí. Síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ̀wé kò jọra. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa fífi iṣẹ́ wọn wé ara wọn ni pé ẹ̀rí ni ó ń mú àròkọ òṣèlú borí, àti pé ẹ̀rí tí ó ń wọni lára jù lọ ni èyí tí òǹkọ̀wé mú láti àyíká òǹkàwé rẹ̀. Bí ẹ̀rí kò bá sí, dídùn èdè kò lè dípò rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni ìgboyà kò lè dípò rẹ̀.

Ìdíje Nínú Ìtàn Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú kékeré wo ìdíje. Inú ìdíje ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní 1938, ti ṣẹ̀ wá. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá pè ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kọ nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, gba ẹ̀bùn nínú ìdíje tí Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ṣe ní 1966, kí ó tó di ìwé títẹ̀ ní 1970. Ẹni tí ó bá ka eré náà dáadáa yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó jẹ́ gan-an: ó dá lórí agbára tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, bí ẹni náà ṣe lò ó, àti bí ìlú ṣe dìde sí i. Ìṣọ̀lá kò dúró láti bú agbára. Ó fi agbára hàn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nínú agboolé kan ní Ìbàdàn, lára àwọn ẹrú tí wọ́n ní orúkọ tí wọ́n sì ní ẹnu. Nítorí náà ni òǹwòran fi ń dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn àròsọ, ewì àti eré oníṣe ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ìdíje. Àròkọ òṣèlú, irú èyí tí ń jáde nínú ìwé ìròyìn, kì í sí nínú ìwé tí a yàn fún ìdánwò. Olùdíje tí wọ́n ní kí ó kọ ọ́ kò ní àwòkọ́ṣe lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ kò ní òṣùwọ̀n. Ibi tí òfo yìí wà ni iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Ìkẹ́nnẹ́ ti lè wúlò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Fi Kálámù Jà

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ kí a rántí ẹni tí ó ṣáájú wọn. Ìwé ìròyìn Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní agbègbè tí ó di Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859. Bí ó bá sì jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ̀wé nítorí ọ̀rọ̀ ìlú, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London, ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù. Ní 1924, ní ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ ọba wọn ní Wembley, ìwé ìròyìn kan ní London tẹ ọ̀rọ̀ jáde tí ó fi àwọn ènìyàn Nàìjíríà hàn bí ajẹ̀nìyàn. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn West Africa láti ta ko ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí olùdíje ní láti kíyè sí ni pé irọ́ kan pàtó, nínú ìwé ìròyìn kan pàtó, ni ó dìde sí. Kò kọ àròkọ lórí ìwà àwọn òyìnbó lápapọ̀.

Ní 1925, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU; ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1926. Orúkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọdọ̀ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Fún Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n ṣà jọ ni. Fún etí Yorùbá, wàásù ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní èdè méjì: ó ń sọ orúkọ ẹgbẹ́, ó sì ń sọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wá ṣe. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ nìyí pé òǹkọ̀wé lè kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ọgbọ́n Yorùbá sì máa darí ọwọ́ rẹ̀. A ó tún pàdé ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Awólọ́wọ̀: Àròkọ Bí Ẹjọ́ Rírò

Awólọ́wọ̀ kọ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní ilé-iṣẹ́ Daily Times ní Èkó ní 1934. Nígbà tí ó lọ sí London ní 1944 láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, kò fi òṣèlú sílẹ̀. Ní àkókò tí ó fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ó kọ Path to Nigerian Freedom, tí ilé-iṣẹ́ Faber tẹ̀ jáde ní 1947. Iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti dàgbà.

Bí a bá wo ìhun ìwé náà, ó jọ ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò ń rò níwájú adájọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka Nàìjíríà sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo bí ilẹ̀ Faransé ṣe jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé àwọn ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn ní èdè, ní àṣà àti ní ọ̀nà ìṣèjọba. Láti orí ìtumọ̀ yìí ni ó ti wá dé orí àbá rẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀, tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ní àyè láti ṣètò ilé ara rẹ̀, ni ó yẹ orílẹ̀-èdè náà. Ó sì fi òṣùwọ̀n yìí wo òfin ìṣèjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀ ní àkókò náà, ó rí i pé kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lórí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ní láti padà lọ wá ibi tí ìpìlẹ̀ ti yẹ̀. Ìwà yìí ni ó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú àròkọ alárìíyànjiyàn tí àwọn ọmọ wa ń kọ. Wọn a máa to ìdí márùn-ún tẹ̀lé ara wọn bí ẹni to iṣu sórí ọ̀pá. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, àwọn yòókù kò ní mọ̀.

Síbẹ̀ ìwé náà ní àléébù tí kò yẹ kí a fi ìbọ̀wọ̀ bò. Awólọ́wọ̀ gbà nínú rẹ̀ pé àwọn díẹ̀ tí wọ́n kàwé ni ipò aṣáájú tọ́ sí, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ ohun tí òṣèlú jẹ́. Òǹkọ̀wé tí ó ń bèèrè pé kí àwọn tí ń ṣe ìjọba fetí sí ohùn àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí, kò fún iyálọ́jà àti àgbẹ̀ ní àyè láti sọ̀rọ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Àléébù yìí kò ṣàì hàn nínú èdè ìwé náà. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí ó ti kàwé ni ó dojú ọ̀rọ̀ kọ, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: èdè náà mọ́, ó gún régé, ṣùgbọ́n ó tutù. Ó dà bí ẹni pé òun náà mọ̀ pé ìwé kò tó. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìwé a máa dúró kí òǹkàwé wá a wá. Ìwé ìròyìn ni ó ń lọ bá òǹkàwé ní àárọ̀.

Ṣólàárín: Ìwúre Tí A Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Táí Ṣólàárín, tí òun àti aya rẹ̀ Sheila dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kì í ṣe olóṣèlú ẹlẹ́gbẹ́. Olùkọ́ ni, inú ìwé ìròyìn ni ó sì ti ń bá àwọn tí kò sí nínú kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àròkọ rẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lọ jáde nínú Daily Times ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1964, òun ni May Your Road Be Rough. Àkọlé rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí ẹni tí ó ń lọ sí ìsìn ọdún tuntun dúró gbọnrangandan. Ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn pé kí ọ̀nà wọn ó là, òǹkọ̀wé kan dìde, ó ní kí ọ̀nà òǹkàwé ó rí gbágungbàgun.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni wọ́n ti ka àròkọ yìí bí ọ̀rọ̀ ìṣírí fún ọ̀dọ́, tí wọ́n sì fi í mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọnà-èdè Yorùbá yóò rí ohun mìíràn níbẹ̀. Ìwúre ni àròkọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé ìlànà ìwúre. Ní àkọ́kọ́, òǹkọ̀wé tètè ṣàlàyé pé òun kò gbé òǹkàwé ṣépè. Àlàyé yìí kò ní ìtumọ̀ bí kò bá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni ó ń sọ̀rọ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ìhun kan náà ni èpè àti ìwúre ní. Àṣẹ kan náà ni ó ń gbé àwọn méjèèjì ró. Ohun tí a bèèrè fún nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní èkejì, ó kọ́ òǹkàwé ní ìdáhùn tí yóò fọ̀: kí ó ṣá ti fẹ́ ohun kan náà fún òǹkọ̀wé padà. Ipò tí "àṣẹ" wà lẹ́nu àwọn tí à ń wúre fún ni ìdáhùn yìí wà. Ní ẹ̀kẹta, ó fi ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀ parí, bí onífọ̀hùn ṣe ń dá ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ padà kí ó tó jókòó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ̀ ní aṣọ; Yorùbá ni eegun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹ̀rí tí ó mú wá àti bí ó ṣe tò wọ́n. Ó kọ́kọ́ mú òǹkàwé lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tí ibùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì mẹ́ta sí ilé tirẹ̀. Ata, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbín wà ní àyíká ahéré ọkùnrin náà. Kò fẹ́ nǹkan kan mọ́ láyé. Láti ibẹ̀ ni ó ti fò lọ sójú sánmà, sọ́dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè láìmọ̀ bóyá wọn yóò padà. Ó sọ̀rọ̀ ẹja ńlá tí kò sí nínú omi tí kò jìn. Ó sọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfúrufú ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, àti Nehru ti ilẹ̀ Íńdíà. Lẹ́yìn náà ni ó wá padà sílé: ó rántí ìyá rẹ̀ tí ń jí àwọn ọmọ lórí ẹní ní ìdájí, tí ń gbàdúrà pé kí wọ́n má ṣe bá ewu pàdé ní ọjọ́ náà, ó sì sọ pé ó gba òun tó ọgbọ̀n ọdún kí òun tó lè fa gbòǹgbò èrò yẹn tu lọ́kàn.

Ìtòjọ yìí kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àdúrà ìyá ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìrántí ìgbà èwe lásán ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹkàwé ti lọ sójú sánmà tí ó sì ti padà bọ̀, àdúrà yẹn kì í ṣe ti ìyá kan mọ́. Ó ti di àdúrà orílẹ̀-èdè kan. Nítorí náà ni ó fi rọrùn fún Ṣólàárín, nígbà tí ó ń parí lọ, láti yí padà sí Nàìjíríà kí ó sì sọ pé ìbẹ̀rù ewu ni kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè náà gbé ohun ńlá ṣe. Gbólóhùn òṣèlú nìyẹn. Kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ọdún tí ó kọ ọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ. Ìbò àpapọ̀ ń bọ̀ ní òpin 1964. Awólọ́wọ̀, ọmọ ìlú òǹkọ̀wé, wà lẹ́wọ̀n láti oṣù Kẹsàn-án 1963. Ẹni tí ó bá ka àròkọ náà ní Ìkẹ́nnẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun irú ọ̀nà tí ó ń rí gbágungbàgun.

Ibi Tí Àròkọ Náà Ti Kù Díẹ̀ Káàtó

Àwòkọ́ṣe tí a kò bá yẹ àléébù rẹ̀ wò, ẹrù ni ó ń dì sí akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Àléébù méjì ni ó yẹ kí olùdíje rí nínú àròkọ Ṣólàárín.

Àkọ́kọ́ ni ti àgbẹ̀. Ṣólàárín lo ọkùnrin náà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ẹni tí ó sá fún ewu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ kó kalẹ̀ ń ta ko ìlò yìí. Ó ròyìn pé ọkùnrin tí kò tíì lé ní ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta náà sọ pé iṣẹ́ agbára tí òun ṣe lóko nígbà ọ̀dọ́ ni ó sọ òun di arúgbó. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà àgbẹ̀ yìí ti rí gbágungbàgun tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi gbó ṣáájú ọjọ́. Kí ni èrè rẹ̀? Ata, ìgbín àti ahéré ni. Bí ìnira nìkan bá ń sọ ènìyàn di ńlá, àgbẹ̀ ni ìbá ti jẹ́ olórí wa. Ìbéèrè òṣèlú gan-an farapamọ́ sí ibí yìí: ta ni ń jẹ èrè iṣẹ́ àgbẹ̀? Ní àkókò náà, àjọ ìjọba ni ó ń dá iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lórí kòkó, owó tí ó bá sì ṣẹ́ kù, iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 jẹ nínú owó kòkó. Bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a jiyàn lé lórí ni. Ṣólàárín fò ó, ó sì di ẹ̀bi ru ẹni tí kò lè fèsì nínú ìwé ìròyìn.

Èkejì ni ti àwọn awakọ̀ òfúrufú. Ṣólàárín fúnra rẹ̀ sìn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Síbẹ̀ ìtàn àwọn ẹlòmíràn ni ó ní kí òǹkàwé lọ kà. Kò fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹnì kan lè sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú àròkọ tí ó ń rọ àwọn ènìyàn láti kojú ewu, òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ẹni tí ó ń rọ òun ti dé ibi tí ó ń rán òun lọ. Ẹ̀rí tí ó wà nítòsí jù lọ ni ó fi sílẹ̀, tí ó lọ mú èyí tí ó wà lókèèrè.

Nígbà tí a bá wá fi àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ohun tí ọ̀kan ní ni èkejì ṣaláìní. Ìgbésẹ̀ ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ń mí nínú ìwé rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń mí nínú àròkọ Ṣólàárín, ìyá àti àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa fo kòtò. Àròkọ tí ó yẹ kí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ni èyí tí ó bá mú ìgbésẹ̀ ti àkọ́kọ́ papọ̀ mọ́ ẹ̀mí ti èkejì.

Ọ̀rọ̀ Nípa Èdè

Àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ó kan ìwé àtìgbàdégbà Yorùbá nínú àròkọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Èsì rẹ̀ kò le. Ohun tí ó dára jù nínú àròkọ Ṣólàárín, Yorùbá ni ó yá a, kò sì dá a padà. WASU fi ọgbọ́n Yorùbá sọ orúkọ. Ọlábísí Ọnàbánjọ ti Ìjẹ̀bú, tí ó kọ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní London, tí ó sì di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 títí dé 1983, Ayékòótọ́ ni ó ń fọwọ́ sí abẹ́ àròkọ òṣèlú rẹ̀. Orúkọ odídẹrẹ́ ni. Ẹ̀sùn ni pẹ̀lú, pé ayé kò fẹ́ òtítọ́. Kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sọ ohun méjèèjì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bá ń yá nǹkan lọ́wọ́ Yorùbá tó báyìí, a jẹ́ pé ẹni tí ń fi Yorùbá kọ̀wé ti wà nídìí ìsun omi. Kí ó mọ̀ pé òwe kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìwúre wà níbẹ̀, èpè wà níbẹ̀, oríkì wà níbẹ̀. Ẹjọ́ rírò ní iwájú àwọn àgbà wà níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí àwọn ará Yewa àti Kétu ń fi òru rẹ̀ sọ fún olóyè àti tálákà ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lọ́sàn-án. Òwe tí kò bá bá ẹ̀rí rìn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "òtítọ́ dọ́jà ó kù tà" láìsọ òtítọ́ tí ó gbé lọ sọ́jà, kò tíì sọ nǹkan kan.

Òṣùwọ̀n Fún Adájọ́ àti Olùdíje

Láti inú ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò, ìbéèrè mẹ́rin ni adájọ́ lè bi àròkọ òṣèlú kọ̀ọ̀kan, tí olùdíje náà sì lè bi ara rẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Èkíní: ǹjẹ́ a lè sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn kan? Àròkọ tí ó bá ń jà fún ìbò, fún iná mànàmáná, fún ìwà ọmọlúàbí àti fún ọ̀nà nínú ojú ewé méjì, kò jà fún ìkankan.

Èkejì: ibo ni ẹ̀rí rẹ̀ ti wá? Ká ní olùdíje kan láti Ṣágámù fẹ́ kọ̀wé lórí ìtọ́jú ọ̀nà. Ó lè kọ pé ìjọba kò bìkítà fún mẹ̀kúnnù. Ọmọ tí ó wà ní Mákùúrdí náà lè kọ bẹ́ẹ̀. Tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìlú rẹ̀ kọjá. Kí ó lọ bá àwọn tí ń kó obì lọ sí Òkè-Ọya ní ọjà, kí ó bi wọ́n iye wákàtí tí ọkọ̀ wọn ń lò lójú ọ̀nà, àti iye tí obì tí ó bàjẹ́ ń ná wọn. Kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá wá ń sọ ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe, òǹkàwé ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ta ni kò tíì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni Awólọ́wọ̀ kò bi ara rẹ̀ nípa iyálọ́jà, tí Ṣólàárín kò sì bi ara rẹ̀ nípa àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bi í ti ṣe ju àwọn ọ̀gá lọ ní ibi kan yẹn.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀sùn ni tàbí èébú? Èébú kò nílò ẹ̀rí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fèsì sí i bí kò ṣe pẹ̀lú èébú. Ẹ̀sùn ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí a fi kàn láti wí tẹnu rẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin yìí ni ó dáhùn ẹ̀rù tí ń ba olùkọ́ àti olùdíje. Wọ́n ń bèèrè pé, bí adájọ́ bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ńkọ́? Ẹ̀rù náà kì í ṣe àlá. Ṣólàárín wọ àtìmọ́lé ìjọba ológun ní 1984, ó sì lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú irú ewu bẹ́ẹ̀ nítorí ife-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ni ó ní ààbò díẹ̀. Adájọ́ tí kò fẹ́ èrò olùdíje lè fi èébú yọ máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìtìjú. Ó ṣòro fún un láti yọ máàkì lórí wákàtí tí àwọn olóbì fi ẹnu ara wọn kà. Ọmọ tí a bá sì kọ́ láti má fọwọ́ kan ohun tí ó lè bí ẹnikẹ́ni nínú, a kò dáàbò bò ó. A ti kọ́ ọ pé èdè Yorùbá kò yẹ fún ọ̀rọ̀ pàtàkì. Bí ó bá di àgbà tí ó sì ní ohun gidi láti sọ nípa ìlú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi sọ ọ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé Ṣólàńkẹ́ dojú kọ irọ́ kan pàtó. Pé Awólọ́wọ̀ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ó fi àwọn tí kò kàwé sẹ́yìn. Pé Ṣólàárín yí ìwúre Yorùbá dà láti bi orílẹ̀-èdè kan ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ó ṣe àìdáa sí àgbẹ̀ kan. Ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ wọn ti lágbára, ẹ̀rí tí ó súnmọ́lé ni ó fún un ní agbára. Ní ibi tí ó ti yẹ̀, ẹ̀rí ni wọ́n fò tàbí ni wọ́n ṣì lò. Olùkọ́ tí ó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdíje lè gbé àròkọ ọdún 1964 yẹn síwájú kíláàsì, kí ó ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ èsì tí àgbẹ̀ náà ìbá fún Ṣólàárín bí ó bá ní ìwé ìròyìn tirẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ni. Ẹni tí ó bá ṣe é dáadáa ti ṣetán fún ìdíje.